Bí Tọ́tù Ìjàpá Bá Ń Há: Ẹ Wá A Láti Ẹsẹ̀ Dé Ẹ́ńjìnnì

Okun o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen Beetle, káàkiri Kàbà, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó, kò sì pẹ́ sígbà náà tí bàbá mi fi ra èyí tí mò ń wà títí dòní. Ní 2003 ni èyí tó kẹ́yìn jáde ní ilé iṣẹ́ wọn ní Mẹ́síkò. Láti ìgbà náà, èyí tó wà lọ́wọ́ wa nìkan ló kù, èyí tí a bá sì fọwọ́ ara wa bà jẹ́, a ò ní rí tuntun fi dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tọ́tù, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ohun tójú mi rí.

Àsìkò kajú ni. Mo kó àpò méjì sẹ́yìn ọkọ̀ láti Ìyàrá, mo ń bọ̀ ní Kàbà. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ kò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ń han gooro bí ẹni pé mo ṣì tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run ló yọ mí. Mẹkáníìkì tó wò ó kò tilẹ̀ yọjú wo ibi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mú skrúdíráfà, ó yí gbogbo skrúù ara kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì, níkọ̀ọ̀kan. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi ń mu epo bí ẹní mu omi, tí èéfín dúdú ń tú jáde nídìí rẹ̀, tọ́tù sì ń há síbẹ̀síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí pẹ́dà, ni mo rí i: ẹyọ ọmọ kajú kan, ó ti gbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ń dán níbi tí irin ti ń rin ín. Mo fi ìka yọ ọ́. Pẹ́dà gbéra sókè fúnra rẹ̀, pà! Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Àtitò kábúrétọ̀ padà sí bó ṣe wà ló wá gba ọjọ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, ibi ẹsẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kábúrétọ̀ ló máa ń kẹ́yìn.

Bó bá há nígbà tí ẹ wà lójú ọ̀nà

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí, torí ẹ̀mí ló jù. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì yóò ké sókè, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́, torí bí ẹ bá yọ ọ́, sítíárì lè tì mọ́ yín lọ́wọ́. Búrèkì Ìjàpá kò gba agbára kankan lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, agbára ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń lò, nítorí náà yóò mú dáadáa bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti kú. Bó bá jẹ́ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ wà, ẹ fi jíà sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, yóò bá yín fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá pé ẹ fẹ́ fọwọ́ fa pẹ́dà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹni tó bá mọ bí tírélà sìmẹ́ńtì ṣe ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ lọ́nà Ọbájànà mọ̀ pé ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wáyà tọ́tù gbà

Iwájú ni ẹsẹ̀ yín wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Wáyà kan tó gùn ju mítà 2.5 lọ ló so méjèèjì pọ̀. Láti ìdí pẹ́dà, ó wọ inú gọngọ irin tó yọ láàárín àga iwájú méjèèjì, ó jáde lẹ́yìn lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì. Níbẹ̀ ló ti wọ inú rọ́bà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lé eruku àti ẹrọ̀fọ̀ sẹ́yìn. Ó la páànù iwájú ẹ́ńjìnnì kọjá, ó gba inú túùbù tó wà nínú ilé fáànù, ó sì bọ́ sí ara apá tọ́tù lára kábúrétọ̀. Irin róbótó kékeré kan tó ní skrúù lórí ló fún un mọ́ apá náà. Ìdè ni n ó máa pè é. Sípíríìngì ló ń fa apá náà padà nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀.

Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ni àìsàn lè wà. Ẹ wá skrúdíráfà pẹlẹbẹ, pílásì, tọ́ọ̀ṣì, gíríìsì, àkísà, àti ẹnì kan tí yóò máa bá yín tẹ pẹ́dà. Ẹni tó bá wọ agbádá tàbí tó so ìborùn mọ́rùn, kó bọ́ ọ kó tó tẹrí ba sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì fáànù wà nítòsí níbẹ̀, kò mọ olówó yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, kí ẹnì kan wò ó

Ẹ tan ọkọ̀, kí ó gbóná dáadáa, kí ẹ tó pa á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kó gbóná ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ṣóòkù, ìdérí tó ń dí atẹ́gùn kù lẹ́nu kábúrétọ̀, máa ń pa dé fúnra rẹ̀, irin alátẹ̀gùn (tí etí rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn ilé) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ yóò sì gbé apá tọ́tù sókè díẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró láàárọ̀. Bí ẹ bá wò ó nígbà náà, ẹ ó ní tọ́tù kò padà dé ìdí, bẹ́ẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tú ohun tí kò bàjẹ́ nítorí èyí, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Bó ti gbóná tán, ẹ pa á, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn, kí ẹnì kejì tẹ pẹ́dà dópin. Àbúrò mi ni mo máa ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ o!"

"Mú ẹsẹ̀ dání níbẹ̀. Ó yá, gbé e."

Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, apá tọ́tù gbọ́dọ̀ ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Nígbà tó bá gbé e, apá náà gbọ́dọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì gbọ́ ọ bó ṣe kan ìdí. Bó bá ń rọra padà bí arúgbó tó ń jókòó, nǹkan kan ń dì í mú. Bí kò bá ṣí dópin, wáyà ti dẹ̀ tàbí ó ti yọ́ nínú ìdè, ìdí sì nìyẹn tí ọkọ̀ kò fi lágbára mọ́ lórí òkè. Bí pẹ́dà bá lọ sílẹ̀ láìsí agbára kankan, tí apá tọ́tù kò sì mira, wáyà ti já tàbí skrúù ìdè ti tú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìdí pẹ́dà

Ẹ ká rọ́ọ̀gì àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá. Ẹ má kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé fún ọkọ̀ mìíràn, tí etí rẹ̀ gun orí pẹ́dà, ti dá wàhálà tó pọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdí pẹ́dà. Yanrìn, ìdérí ìgò, ọmọ kajú bíi tèmi, gbogbo rẹ̀ ló ń kóra jọ síbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbé pẹ́dà sókè sódò. Bó bá ń dún kíí-kíí tàbí tó ń le níbì kan, ó ti dípẹtà níbi tó ti ń ṣẹ́. Epo díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa gbé e títí yóò fi rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára kábúrétọ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fi ń mọ òtítọ́, òun náà sì ni mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń fò.

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ fi pílásì di ìdè mú kó má yí, kí ẹ fi skrúdíráfà tú skrúù orí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má tú u tán, torí kékeré ni, bó bá já bọ́ sórí páànù ẹ́ńjìnnì, ẹ ó wá a títí. Ẹ fa wáyà jáde nínú ìdè. Tọ́tù ti pín sí méjì báyìí: kábúrétọ̀ dá wà, wáyà àti pẹ́dà dá wà.

Ẹ fi ìka kan ti apá tọ́tù kó ṣí, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá. Bó bá ń padà pà, pà, pà, láìdúró níbì kan, kábúrétọ̀ kò jẹ̀bi. Ẹ má fọwọ́ kan skrúù rẹ̀ kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi pílásì mú orí wáyà, ẹ fà á díẹ̀, kí ẹnì kejì sì tẹ pẹ́dà kó tún fà á padà lọ. Ìka yín yóò sọ fún yín. Wáyà tó dára ń yọ̀ bí okùn inú òróró. Èyí tó bàjẹ́ yóò máa họ, yóò dúró, yóò tún fò. Bó bá ń dúró lójú kan náà ní gbogbo ìgbà, ó ti ṣẹ́ tàbí ó ti tẹ̀ níbẹ̀. Bó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìdọ̀tí ló kún ọ̀nà rẹ̀.

Ní tèmi nígbà kan, rọ́bà ẹ̀yìn ló ya. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ̀rùn gbogbo, eruku pupa ń wọlé, òjò dé, omi bá a níbẹ̀, gíríìsì àtijọ́ pò ó pọ̀. Nígbà tí mo fa wáyà náà jáde, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn dà bí àmàlà tó ti sùn. Kò sí skrúù kábúrétọ̀ tó lè wo irú èyí sàn.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wáyà

Ẹ wá wáyà tó bá ọdún ọkọ̀ yín mu, gígùn wọn kò dọ́gba. Bí ẹ kò bá rí i nítòsí, àwọn tó ń lọ sí Ládípọ̀ l'Ékòó lè bá yín wá a. Ẹ mú èyí tó ti bàjẹ́ dání láti fi wọ̀n ọ́n. Ẹnu ọlọ́jà kò tó.

Ibi títẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí ìtì igi líle tàbí irin ìdúró. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ̀ yín lórí èyí.

Ẹ ti tú ìdè tẹ́lẹ̀. Ẹ fa wáyà jáde nínú túùbù fáànù láti abẹ́, ẹ yọ rọ́bà àti páìpù rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ lọ sí iwájú, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ìkọ́ pẹ́dà, kí ẹ wá fà á jáde láti iwájú. Ẹ fi gíríìsì pa tuntun láti orí dé ìdí, kó lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kó má ṣe di ìṣùpọ̀. Láti iwájú kan náà ni yóò ti wọlé. Ẹ máa tì í ní ìwọ̀nba, bí ẹni ń ki ọ̀pá sí ihò òkété. Bó bá kọ̀, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tún tì í. Bí ẹ bá fipá tì í, yóò ṣẹ́, wáyà tó bá sì ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, títọ́ kò ní tọ́ ọ mọ́.

Bí orí rẹ̀ bá ti tú sí wẹ́wẹ́, kò ní gba inú túùbù. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kí wọ́n yọ́ lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sí i lórí.

Nígbà tó bá yọ lẹ́yìn, ẹ fi rọ́bà tó dára wọ̀ ọ́, kó jókòó dáadáa lẹ́nu ihò méjèèjì. Láti ibi tó ti jáde lábẹ́ ọkọ̀ dé páànù iwájú ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Bó bá wọ́ kọ́rọ́kọ́rọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Títò ó sí ìdè

Ní ibí ni ẹ ti nílò sùúrù. Kí ẹnì kejì tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, kó sì mú ẹsẹ̀ dání. Ẹ̀yin, ẹ fi ọwọ́ ṣí apá tọ́tù dópin, ẹ dá a padà ní bíńtín, kí ààyè bíi mílímítà 1 wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí ó ti ń dúró. Ìnípọn èékánná ọwọ́ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fún skrúù mọ́ wáyà níbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní 1? Bí ẹ kò bá fi ààyè kankan sílẹ̀, gbogbo agbára ẹsẹ̀ yín ni yóò máa fa wáyà àti apá náà nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, wáyà á já tàbí kí apá náà tẹ̀. Bí ẹ bá sì fi ààyè púpọ̀ sílẹ̀, kábúrétọ̀ kò ní ṣí dópin láé, ẹ ó sì máa bú ẹ́ńjìnnì pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wáyà dẹ̀ díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fa apá tọ́tù nígbà tí kò sí ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lẹ́yìn ìdè kí ẹ tó gé ìyókù.

Sípíríìngì

Èyí kò pọ̀. Bó bá ti dẹ̀ tàbí tó dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí àwọn èèyàn máa fi sípíríìngì kejì tó le kọ́ ọ láti ara ilé fáànù nítorí pé wáyà ń há. Ó máa ń padà lóòótọ́, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á máa ro yín, ọ̀pá tó gbé apá tọ́tù á sì máa jẹ ihò tó wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Wáyà lẹ bá ní ẹjọ́, ẹ bá wáyà rò ó.

Ìgbà tó bá jẹ́ kábúrétọ̀ lóòótọ́

Bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tí apá tọ́tù nìkan sì ń há, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù díẹ̀ fọ ìta ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí iná kankan má sì sí nítòsí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ di apá náà mú, kí ẹ mì ín sókè sódò. Bó bá ń jó nínú ihò rẹ̀, ó ti jẹ. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, sìlóò, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù, kò sì ní dúró lójú kan. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ìdí ọ̀pá náà: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ ti rí i. Àwọn tó ń gbẹ́ irin lórí léètì lè fi búṣì tuntun sí i. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, ẹ má fi òòlù ṣe é nílé.

Bí apá náà bá ń padà dáadáa, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń sáré lórí ìdúró bó ti gbóná tán, ẹ ṣí ìkòkò atẹ́gùn, èyí tó ń sẹ́ eruku lórí kábúrétọ̀, wò. Ẹ gbé e ní ìdúró o, epo wà nínú irú èyí tó ti pẹ́. Ìdérí ṣóòkù tó wà lẹ́nu kábúrétọ̀ yẹ kó ti dìde dúró. Bó bá ṣì dùbúlẹ̀, ẹ wo wáyà iná tó ti ara kọ́ìlì lọ sí ṣóòkù, kò jìnnà sí bíbọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára kábúrétọ̀. Bó bá jẹ́ 34 PICT-3, skrúù apá tọ́tù tó ń kan irin alátẹ̀gùn kì í ṣe ti sìlóò. Bí ṣóòkù bá ti ṣí tán, ẹ tú skrúù náà títí kò fi ní kan irin mọ́, ẹ yí i wọlé títí yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ẹ fi ìdá mẹ́rin yíyí kan kún un, kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Skrúù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ ni ti sìlóò. Èyí gan-an ni wọ́n yí sódì fún mi lọ́dún kajú yẹn.

Bí wáyà bá já níbi tí kò sí mẹkáníìkì

Yàtọ̀ sí títò 34 PICT-3 tí mo sọ lókè, ìgbà yìí nìkan ni mo gbà kí ẹ yí skrúù apá tọ́tù. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí i, kí ẹ lè dá a padà. Ẹ yí i wọlé títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa sáré díẹ̀, ẹ fi jíà kìíní gbéra, ẹ bọ́ sí kejì, kí ẹ máa wọ́ lọ létí ọ̀nà dé ìlú tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má dán an wò lálẹ́, ẹ má sì dán an wò lórí òkè tó ga.

Lẹ́yìn iṣẹ́ èyíkéyìí, kí ẹ tó jáde, ẹ tẹ tọ́tù lẹ́ẹ̀ mẹ́wàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, kí ẹ máa tẹ́tí sí i láti ẹ̀yìn. Ẹ wà á lọ síbi tí ọkọ̀ kò pọ̀, kí ẹ padà wálé. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ẹ ṣí ẹ̀yìn, kí ẹ fi skrúdíráfà yẹ skrúù ìdè wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wáyà tuntun máa ń nà díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.